Nígbà Tó Jẹ́ Ẹni Tiwa Ló Tàjẹ̀ Sílẹ̀

Àwa tí wọ́n bí láàárín 1980 sí 1995, tí àwọn òbí wa sá fún owó ilé ní Mushin, Kétu àti Agége lọ ra ilẹ̀ ní Mowe, Ibafo tàbí Ifọ̀, ohùn ìwàásù ló tọ́ wa dàgbà. Bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí Long Bridge, àgọ́ àdúrà ló kàn: Prayer City ti Mountain of Fire, àgọ́ NASFAT fún ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí, Deeper Life, àti Redemption Camp tí wọ́n ti sọ di ìlú báyìí. Àwọn ará Ifọ̀, níbi tí ojú irin ti yà lọ sí Ìdógò, kò ní àgọ́ tó tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò lóǹkà. Ẹni tó bá kúrò ní Ọjọ́ta ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò ń rọ́ lọ sí àgọ́, tó ń lọ sílé ní Mowe, ó ti mọ̀ pé ojú títì lòun máa sùn.

Mo ka gbogbo èyí sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀kọ́ kan náà la jọ gbà. Nígbà ọlidé, wọ́n á kó wa jọ fún ìpàdé àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n á yọ obìnrin sápá kan, ọkùnrin sápá kejì, wọ́n á ti fídíò bọ inú ẹ̀rọ, jẹ́nẹ́rétọ̀ á máa ké lẹ́yìn ilé. Oyún ṣíṣẹ́ ni kókó ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìpànìyàn ni, wọn ò sì fi omi là á. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ń gbọ́ tiwọn lẹ́nu ààfáà, pẹ̀lú àlàyé pé ìgbà tí oyún bá pé 120 ọjọ́ ni wọ́n ń fẹ́ ẹ̀mí sí i, ṣùgbọ́n ibi tí ìkìlọ̀ náà ń já sí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kan ni ọmọkùnrin kan ti nàwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ pé ìpànìyàn ni lóòótọ́, kí ló yẹ ká ṣe fún dókítà tó ń ṣe é?" Wọ́n ní kó jókòó, wọ́n ní ìbéèrè òmùgọ̀ ni.

Kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹnìkan ti fi ìbọn dáhùn rẹ̀.

Paul Hill lorúkọ rẹ̀, pásítọ̀ ìjọ Presbyterian ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Michael Griffin yìnbọn pa Dókítà David Gunn tó ń ṣẹ́yún ní Pensacola, ní ìpínlẹ̀ Florida, lọ́jọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1993, Hill bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní ohun tó tọ́ ni Griffin ṣe. Ó kọ ìwé kan, ó sì rí èèyàn bí ọgbọ̀n tó bá a fọwọ́ sí i, pé bó bá tọ́ láti fi agbára gba ọmọ tí wọ́n ti bí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa á, ó tọ́ láti gba èyí tí wọn ò tíì bí pẹ̀lú. Ìjọ rẹ̀ yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1994, ó lọ dúró níwájú ilé ìwòsàn kan ní Pensacola kan náà, ó yìnbọn pa Dókítà John Britton àti James Barrett, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì tó ń sin dókítà náà wọlé. Ó ṣe ìyàwó Barrett léṣe. Ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 ni ìjọba Florida gún un lábẹ́rẹ́ ikú.

Ẹ má tètè pè é ní wèrè. Hill kàn mú ọ̀rọ̀ tí gbogbo àwọn tó ń jà fún ọmọ inú oyún ń sọ lẹ́nu, ó tẹ̀ lé e títí dé ibi tó gbé e dé. Ohun tó kó àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin kan náà láyà sókè nìyẹn. Wọ́n ní láti sọ ìdí tí àwọn ò fi lè bá a dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò fẹ́ kó orin náà jẹ.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1994 kan náà, ẹ̀ka ìjọ Southern Baptist tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà gbé ìkéde kan jáde ní Nashville láti fi hàn pé kò sí bí pípa dókítà ṣe lè tọ̀nà. Wọn ò yí ohùn wọn padà lórí oyún ṣíṣẹ́; ohun tí wọ́n sọ ni pé kò sẹ́ni tó fún aráàlú ní idà ìdájọ́, àti pé níbi tí ọ̀nà láti yí òfin padà bá ṣì wà, ẹni tó gbé ìbọn ti di ọ̀daràn. Ọ̀rọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ìjọ wọn ló rán Thomas Jefferson Bowen wá sílẹ̀ wa ní 1850, tó fi dé Abẹ́òkúta. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí ẹ̀ ń rí ní Ifọ̀, ọmọ ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ náà ni. (Ẹ jẹ́ kí n fi èyí há a: ìjọ Southern Baptist yìí náà ló pinnu ní 1971 pé kí òfin fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ bí wọ́n bá fipá bá obìnrin lò, tàbí bí oyún bá fẹ́ ba ìlera ìyá jẹ́. Àwọn tó kọ́ wa ní ọlidé kò sọ apá yẹn fún wa.) Ìdáhùn Nashville dára, àmọ́ ó pẹ́. Dókítà méjì àti ọ̀gágun kan ti sùn sínú ilẹ̀ kó tó jáde.

Ìtàn tó wọ̀ mí lára jù lọ ni ti Brookline, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 1994, John Salvi wọ ilé ìwòsàn méjì tí wọ́n ti ń ṣẹ́yún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yìnbọn pa Shannon Lowney àti Leanne Nichols. Wọn kì í ṣe dókítà. Ẹni tó ń gba àlejò sílé lẹ́nu ọ̀nà làwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà pín àwọn aṣáájú ìjọ Àgùdà sí ọ̀nà méjì. Kádínà Bernard Law ní Boston ní kí àwọn ọmọ ìjọ òun dáwọ́ dúró ná, kí wọ́n má lọ dúró níwájú ilé ìwòsàn mọ́. Kádínà John O'Connor ní New York kò pàṣẹ bẹ́ẹ̀, kò rí ìdí tí ẹni tó ń gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fi máa san gbèsè ẹni tó yìnbọn; àmọ́ òun náà ló ní ẹni tó bá ń wù láti pa èèyàn níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́yún, kó wá pa òun.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin mẹ́fà ní Boston ṣe ohun tí mi ò tíì rí irú rẹ̀ láàárín wa. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ aṣáájú àwọn tó ta ko oyún ṣíṣẹ́: Madeline McComish, Frances Hogan àti Barbara Thorp. Mẹ́ta tó kù dúró lódì kejì: Anne Fowler tó jẹ́ àlùfáà, Nicki Nichols Gamble àti Melissa Kogut. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1995 ni wọ́n ti ń pàdé ní ìkọ̀kọ̀, kò sí akọ̀ròyìn tó gbọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wọn ò mọ̀. Ó lé ní ọdún márùn-ún kí wọ́n tó jọ kọ ọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Boston Globe lóṣù kìíní ọdún 2001. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà wọ́n: àwọn kan ń ṣàníyàn pé bí àwọn bá jókòó ti ọ̀tá, ẹni tiwọn máa pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n sì jẹ́wọ́ nínú ìwé náà pé kò sí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó yí èrò rẹ̀ padà lórí oyún ṣíṣẹ́. Kódà ó tún múná sí i.

Kí wá ni wọ́n rí gbà? Ohun kan wà tí mo máa ń rántí. Donald Spitz, aṣáájú ẹgbẹ́ kan ní Virginia tó ń yin ohun tí Salvi ṣe, kéde pé òun ń bọ̀ ní Massachusetts. McComish, tó jẹ́ ààrẹ Massachusetts Citizens for Life, kọ lẹ́tà sí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lòdì sí gbogbo ohun tí àwọn dúró fún, kó má wá, kò sẹ́ni tó fẹ́ rí i níbẹ̀. Spitz kò wá. Ó fi wọ́n ṣẹ̀sín pé wọ́n ti dalẹ̀. Obìnrin náà gbà pé ìpànìyàn ni oyún ṣíṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Spitz ṣe gbà, síbẹ̀ òun ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, kò dúró de ọlọ́pàá tàbí àwọn ọ̀tá ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ọjọ́ Àìkú ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2009, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Dókítà George Tiller wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ó ń kí àwọn tó ń wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà díẹ̀ tó ń ṣẹ́ oyún tó ti dàgbà ni. Wọ́n ti yìnbọn fún un lápá méjèèjì rí ní 1993. Scott Roeder rìn bá a nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó yìnbọn lù ú lórí. Nínú kàfé ni ọ̀pọ̀ wa ti ka ìròyìn náà, ìgbà tó jẹ́ pé wákàtí lá ń sanwó íntánẹ́ẹ̀tì sí. Ẹnìkan ní Ọlọ́run ti gbẹ̀san. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. A retí pé pásítọ̀ á mẹ́nu bà á nígbà ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó ṣe tán inú ilé Ọlọ́run ni wọ́n ti pa ọkùnrin náà, lọ́jọ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ní Wichita, Operation Rescue, ẹgbẹ́ tó kó lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè ti ilé ìwòsàn Tiller pa, bu ẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹgbẹ́ National Right to Life náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Randall Terry tó dá Operation Rescue sílẹ̀ níṣàájú ní tiẹ̀ kò rí omijé sun: ó ní apànìyàn ni Tiller, ó sì dùn òun pé kò ráyè múra ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ láti pàdé Ọlọ́run. Ohùn wọn kò ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n a gbọ́ ohùn.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2015, tí ọkùnrin kan dáná ìbọn bolẹ̀ nílé ìwòsàn Planned Parenthood, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́yún, ní Colorado Springs, èèyàn mẹ́ta kú. Ọ̀kan nínú wọn ni Garrett Swasey, ọlọ́pàá yunifásítì tó tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ ajíhìnrere. Kò fara mọ́ oyún ṣíṣẹ́. Ó gbọ́ pé wọ́n ń yìnbọn, ó sáré lọ gba àwọn tó wà nínú ilé náà sílẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ẹni tó yẹ kí wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ fún wa nígbà ọlidé, Swasey ni mo máa mú.

Àwọn kan á ní Amẹ́ríkà nìyẹn, pé àwa ò ní ìbọn nílé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n pa Melissa Hortman, aṣòfin ìpínlẹ̀ Minnesota, àti ọkọ rẹ̀ nínú ilé wọn. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn náà kàn ti wàásù rí ní orílẹ̀-èdè Congo, lórí pẹpẹ àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ó sì bá àwọn ìjọ Amẹ́ríkà wí níbẹ̀ nítorí oyún ṣíṣẹ́. Pẹpẹ wa àti tiwọn ti ń yá ara wọn ní ẹnu. Ẹlẹgbẹ́ wa tó já pa lọ sí Houston àti Maryland ń fi fídíò ránṣẹ́ sórí WhatsApp níbi tí wọ́n dúró sí níwájú ilé ìwòsàn pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́, àwa náà á kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀ láti Ibafo.

Ìwà ipá tiwa wà, ó kàn jẹ́ pé kì í dún bí ìbọn ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn aládàáni kan lójú ọ̀nà Mowe sí Ofada. Ọ̀kadà ló gbé e wá, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ gbá a mọ́ra kó má baà ṣubú. Ìró tó ró ti rin gbingbin, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí tailì. Nọ́ọ̀sì tó jáde sí wọn kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ta ló bá ọ ṣẹ́ ẹ?" Ìyá ní oyún ló wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Mámà, ẹ má parọ́ fún mi. Ẹ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá." Ọmọbìnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ kàn ń gbọ̀n. Gbogbo ìgbà yìí, kò sẹ́ni tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kò sẹ́ni tó fà á lómi. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ló gbé àga fún un. Ìgbà tí àwọn tó jókòó bẹ̀rẹ̀ sí pariwo ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a wá ọkọ̀ tó gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Ṣágámù. Ó yè é. Nọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹlẹgbẹ́ wa ni. Fídíò tí gbogbo wa wò lòun náà wò.

Òfin kò rán an níṣẹ́ yẹn. Ìwé òfin ọ̀daràn tí ìpínlẹ̀ Ògùn ń lò fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣẹ́ oyún fún obìnrin, ọdún méje fún obìnrin náà, àyàfi tó bá jẹ́ láti dóòlà ẹ̀mí rẹ̀. Kò sí abala kankan níbẹ̀ tó ní kí wọ́n fi ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ sílẹ̀ kó kú. Òfin Èkó ti 2011 tilẹ̀ gbà á láyè nítorí ìlera ara ìyá pẹ̀lú, èyí tó túmọ̀ sí pé obìnrin tó sùn ní Ibafo àti èyí tó sùn ní Berger kò sí lábẹ́ òfin kan náà, bẹ́ẹ̀ owó dánfó tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Nígbà tí ìjọba Èkó gbé ìlànà jáde lóṣù kẹfà ọdún 2022 kí àwọn dókítà lè mọ ibi tí òfin náà gbà wọ́n láyè dé, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Alfred Adewale Martins àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn míì fárí gá, Gómìnà Sanwo-Olu sì dá a dúró lóṣù keje. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti sọ̀rọ̀. Àmọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ya bo ilé ìwòsàn Marie Stopes ní Èkó, tí wọ́n dẹ́rù ba àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń tú ìwé àwọn aláìsàn wò, mi ò gbọ́ kí ẹnì kankan nínú àwọn tó ń jà fún ẹ̀mí sọ pé ọ̀nà yẹn kò dára.

Ìṣirò ilé iṣẹ́ ìwádìí Guttmacher fún ọdún 2012 ni pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní Nàìjíríà lọ́dún náà tó 1,250,000, àti pé obìnrin tó dé ilé ìwòsàn nítorí ìpalára rẹ̀ tó 212,000. Ẹ ka ìyẹn pọ̀ mọ́ iye àgọ́ àdúrà wa. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa kò dá a dúró. Ó kàn lé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé ni, sọ́dọ̀ ọ̀gá kẹ́míìsì àti oníkán-ún.

Ohun míì tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gbọ́ràn, tí wọn ò ṣẹ́ ẹ. Wọ́n yọ wọ́n nínú kọ́áyà, wọ́n fi wọ́n sí àga ẹ̀yìn, bàbá wọn ju ẹrù wọn síta. Ta ló wá gbà wọ́n sílé? Lọ́dún 2021, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ògùn ya wọ ilé kan ní agbègbè Mowe tí wọ́n ní wọ́n ti ń tọ́jú olóyún kí wọ́n lè ta ọmọ wọn, wọ́n sì bá àwọn obìnrin tó lóyún nínú rẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní "má ṣẹ́ ẹ" kò ní yàrá kan fún ọmọbìnrin tó lóyún, oníṣòwò ọmọ ní tiẹ̀ ní yàrá.

Èmi ṣì gbà pé ẹ̀mí ni oyún, ọ̀pọ̀ ìran mi ló sì gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí ìdí yẹn gan-an ni mi ò fi lè gba ìdákẹ́jẹ́ àwọn àgbà wa. Àdúrà tí àwọn ìyá wa ń ṣe fún olóyún ni pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Àwọn tó kọ́ wa fi ìdajì sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùṣọ́ àgùntàn láti Ibafo dé Redemption Camp, ẹ̀yin alàgbà ní Ifọ̀, ẹ̀yin ààfáà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ lórí pẹpẹ àti mínbárì, kí wọ́n tó bi yín: ẹni tó yọ̀ sí ikú dókítà kì í ṣe tiwa, ẹni tó na ọmọbìnrin nítorí oyún kì í ṣe tiwa, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ọsibítù ló kàn. Ẹ sì wá yàrá kan sílẹ̀ nínú gbogbo ilé tí ẹ kọ́ yẹn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ti di nọ́ọ̀sì, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó bi í ní ìbéèrè kankan.